Òjò Dídì Kọ́ ni Ọyẹ́: Kíkọ́ni ní Ìtàn Igbó àti Ìbáṣepọ̀ Ènìyàn pẹ̀lú Igbó

1. Ìfáárà

Orí máàkì mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jíròrò lé lórí nínú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè Ẹ̀sà-Òkè, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwa olùkọ́ Yorùbá mélòó kan péjọ láti máàkì ìdánwò ìparí ọdún fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Aáyan ògbufọ̀ wà lára ohun tí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Inú ìtàn àwọn ọmọdé ilẹ̀ òkèèrè ni a ti mú àyọkà náà. Ọmọbìnrin kan wọ igbó lọ ṣẹ́ igi ní ìgbà òtútù. Òjò dídì ti bo gbogbo ilẹ̀, àwọn igi sì dúró ní ìhòòhò. Ọmọ náà ṣìnà, ṣùgbọ́n àwọn igi fi ọ̀nà ilé hàn án, nítorí pé kò fi àáké kan èyíkéyìí tó ṣì wà láàyè nínú wọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ jù lọ kọ “yìnyín”. Àwọn díẹ̀ kọ “òjò dídì”. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣoṣo ló kọ “ọyẹ́”, kò sì fi mọ níbẹ̀. Nínú igbó tirẹ̀, ewé ti wọ́ tán lórí arabá, ètè ọmọ náà ti là, kùrukùru kò sì jẹ́ kí ó rí òkè tó fi ń mọ ọ̀nà ilé. Kí ó tó ṣẹ́ igi gbígbẹ, ó kúnlẹ̀, ó kí ìrókò tó wà níbẹ̀, ó sì sọ ohun tó bá wá. Nínú máàkì mẹ́wàá, mẹ́rin ni a fún un. Èmi gan-an ni mo fi bíírò pupa fa ìlà sí abẹ́ “ọyẹ́”.

Ǹjẹ́ ohun tí a ṣe yẹn tọ́? Ìdáhùn wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ó tọ́ ní apá kan, kò sì tọ́ ní apá kejì. Ohun tí a kò rí nígbà náà sì ju ohun tí a rí lọ. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìbáṣepọ̀ ènìyàn pẹ̀lú igbó nínú ìtàn Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí igbó kàn wu ènìyàn lójú tàbí kí ó dùn mọ́ ọn nínú. Ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. Ẹnu ni a fi ń ṣe é, ìwà ni a fi ń mú un ṣẹ, ìgbà tí nǹkan bá gbẹ ni a sì ń mọ̀ bóyá ó dúró tàbí kò dúró.

2. Òtútù kì í ṣe ẹyọ kan

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ èdè. Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe òtútù, ìkíni wa sì fi èyí hàn. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó ní “Ẹ kú òjò.” Bí òtútù ìgbà òjò bá mú, tí ara kò fẹ́ kúrò lábẹ́ aṣọ, a ó ní “Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn.” Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́, a ó ní “Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀.” Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá sì fẹ́ dé láti òkè Ọya, a ó ní “Ẹ kú ọyẹ́.” Òtútù ọ̀gìnnìtìn tutù rinrin; òtútù ọyẹ́ gbẹ táútáú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti yí ìgbà ìtàn padà.

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta ni ọyẹ́ máa ń fẹ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, ó sì ń gbé eruku dání. Ibi tí eruku yìí ti ń wá jù ni ilẹ̀ títẹ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Òwúrọ̀ á tutù, ọ̀sán á mú, ara á funfun, ètè á sì là. Àwọn igi bí arabá àti ìrókò á wọ́wé. Òtútù kọ́ ló fa èyí o. Omi inú ilẹ̀ ló ti dínkù, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi jáde lára ewé. Igi á ju ewé náà sílẹ̀ kí ó má baà kú. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òtútù líle àti ojúmọmọ tó kúrú ló ń mú kí ọ̀pọ̀ igi wọ́wé. Ojú lè rí ohun kan náà níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó fà á yàtọ̀.

Nípa ti yìnyín, àwa gbogbo ló mọ̀ ọ́n. Òjò oníjì ló máa ń gbé e wá, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń dún gbàù-gbàù lórí páànù, àwọn ọmọdé á sì sá jáde lọ ṣà á. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ “yìnyín” fún ohun tó rọra bo igbó mọ́lẹ̀ láìdún rárá ti gbé ìgbà òjò wọ inú ìtàn ìgbà òtútù. “Òjò dídì” sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn tó kọ “yìnyín” gba máàkì ju ẹni tó kọ “ọyẹ́” lọ ní ọjọ́ tí à ń wí yìí. Àṣìṣe wa kìn-ín-ní nìyẹn.

3. Igbó tó tì àti igbó tó ṣí

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ewé lọ. Ní ilẹ̀ òjò dídì, ìgbà òtútù a máa ti igbó pa. Iṣẹ́ oko dúró, ọ̀nà bò mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì wọ igbó, ìṣòro ló gbé e débẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọyẹ́ a máa ṣí igbó sílẹ̀ ni. Abẹ́ igbó á mọ́lẹ̀, ọdẹ á ríran jìnnà, obìnrin á ṣẹ́ igi ìdáná pamọ́ de òjò, àgbẹ̀ á ṣán oko tuntun. Kòkó tí a sá á tètè gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kan náà lè mú kí ọmọ kòkó kéékèèké rọ lórí igi.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní òkèèrè, ènìyàn ni igbó ìgbà òtútù lè pa. Níhìn-ín, ènìyàn ló lè pa igbó, nítorí pé iná ráńpẹ́ tí ẹnì kan dá láti fi yá ọwọ́ lè jó oko ogún ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1983, ọ̀dá àti ọyẹ́ mú débi pé iná jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko kòkó ní orílẹ̀-èdè Ghana. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ ìtàn igbó ìgbà ọyẹ́, ìbéèrè tí ìtàn náà ní láti dáhùn ju “Báwo ni ọmọ yìí yóò ṣe bọ́?” lọ. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn “Kí ni ọmọ yìí yóò ṣe sí igbó?” pẹ̀lú.

Èyí kò sọ pé ìtàn wọn àti tiwa kò pàdé rárá. Nínú àwọn ìtàn tí Jacob Grimm àti Wilhelm àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1812, ọ̀kan wà nípa ìyá arúgbó tí wọ́n ń pè ní Frau Holle. Ọmọbìnrin kan já sínú kànga, ó sì bọ́ sí ilẹ̀ mìíràn. Lójú ọ̀nà, búrẹ́dì inú ààrò ké pè é pé kí ó yọ òun. Igi eléso bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbọn òun. Ó dá wọn lóhùn, ó sì ṣe ohun tí wọ́n wí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbọn ibùsùn rẹ̀ dáadáa kí ìyẹ́ inú rẹ̀ lè máa fò. Ìyẹn ló ń di òjò dídì ní ayé. Ó gba èrè wúrà. Ọmọ ìyàwó bàbá rẹ̀, tí kò dá ohunkóhun lóhùn, gba ọ̀dà dúdú.

Olùkọ́ tó bá ti gbọ́ alọ́ ọmọ tí orogún ìyá rẹ̀ lé lọ wá ìgbakọ tí odò gbé lọ yóò ti mọ egungun ìtàn yìí. Ọmọ náà ń tẹ̀lé odò, ó ń kí ẹni tó bá pàdé, ó ń ṣe ohun tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, ó sì ti ibẹ̀ gba ire. Èyí tó tẹ̀lé e lọ láti fi ojúkòkòrò wá tirẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni, ó sì gba ohun tó tọ́ sí i. Nínú ìtàn méjèèjì, ohun tí a fi ń dán ọmọ wò ni bóyá yóò dá ohun tó bá a sọ̀rọ̀ lóhùn. Ìwà ọmọlúàbí tí à ń hù sí ènìyàn ni wọ́n nà dé orí igi àti omi.

4. Igi tó wó sínú odò

Kò yẹ kí olùkọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìtàn ìwáṣẹ̀ ìlú Òṣogbo, tó ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀, ni àpẹẹrẹ tó péye jù lọ tí a mọ̀.

Ìtàn sọ pé Láròóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé ní Ìpólé, nítòsí Iléṣà. Omi wọ́n wọn. Olútìmẹ́hìn, tó jẹ́ ọdẹ, wọ igbó títí ó fi kan odò Ọ̀ṣun, ó sì wá mú àwọn yòókù lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa igbó etí odò láti tẹ̀dó. Igi kan tí wọ́n gé wó sínú omi. Ohùn kan sì jáde láti inú odò, ó ń ráhùn pé wọ́n ti fọ́ àwọn ìkòkò aró òun, ó sì pè wọ́n ní oṣó inú igbó. Láti ara ìpè yìí ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá. Ọ̀rọ̀ náà kò di ogun. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n kúrò ní etí omi lọ sí orí ilẹ̀ tó ga, wọ́n sì bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú: òun yóò dáàbò bò wọ́n, àwọn náà yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, wọn yóò sì pa igbó rẹ̀ mọ́. Oyè Àtáọja pàápàá ń rántí ọjọ́ tí ọba tẹ́ ọwọ́ gba ẹja láti inú odò náà.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìtàn yìí wò bí olùkọ́ lítíréṣọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé wọn kúrò ní ilé. Bí omi bá pọ̀ ní Ìpólé, kò sí ìtàn. Ìgbà, nítorí náà, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló bí ìṣẹ̀lẹ̀. Èkejì, wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ̀. Wọn kò bèèrè kí wọ́n tó gé igi. Ẹ̀kẹta, odò kò fi ìyanu dẹ́rù bà wọ́n. Ohun tó sọ ni pé òun ní ilé, òun ní ìkòkò, òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Aláró ni, gẹ́gẹ́ bí ìyá àwọn mìíràn ti jẹ́ aláró. Ibi tí wọ́n pè ní igbó lásán jẹ́ agbo ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin, àdéhùn ló parí ìjà.

Àdéhùn náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ sọ apá kan igbó Ọ̀ṣun di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Susanne Wenger, tí a bí ní Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ní 1915, ilẹ̀ tí òjò dídì ti ń bọ́ lọ́dọọdún, wá sí Nàìjíríà ní 1950. Òun ni àwọn ará ìlú sọ ní Àdùnní Olórìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà tún ojúbọ ṣe, wọ́n sì dènà àwọn tó fẹ́ gé igbó náà tà, títí ó fi kú ní Òṣogbo ní oṣù kìn-ín-ní 2009. Ní 2005 ni UNESCO fi igbó náà, tó tó hẹ́kítà 75, sí ara ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Ṣùgbọ́n odò kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ń bọ ọ́. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wíwa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi náà di ẹrẹ̀ pupa. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu ún. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá rí odò yẹn kò ní bi wá pé kí ni ìtumọ̀ fífọ́ ìkòkò aró. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

5. Àdéhùn tí kò yẹ kí a ṣe

Kí a má baà rò pé gbogbo àdéhùn pẹ̀lú igbó ló dára, alọ́ Olúrónbí wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin lọ bá Ìrókò, olúkúlùkù tọrọ ohun tó ń wá, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, àgùntàn àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Olúrónbí jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ohun tó tọrọ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Ìrókò béèrè tirẹ̀.

A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀kọ́ inú alọ́ yìí ni pé kí á máa mú ẹ̀jẹ́ ṣẹ. Ẹ̀kọ́ yìí kò tó. Ìrókò kò bèèrè ọmọ. Ẹnu Olúrónbí ni ọmọ ti jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tó wọ̀n gbèsè wọn. Òun fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ṣe ìdógò. Bí a bá fi í wé ìtàn Òṣogbo, a ó rí i pé ìhà méjì ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn ará Ìpólé ṣẹ̀ nítorí pé wọn kò sọ̀rọ̀ rárá. Olúrónbí ṣẹ̀ nítorí pé ó sọ jù. Igbó ń gbọ́, nítorí náà ó yẹ kí á mọ ohun tí a ó bá a sọ.

6. Ohun tó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Nínú ohun tí a ti sọ wọ̀nyí, ìbéèrè mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí olùkọ́ máa fi yẹ ìtàn igbó wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀:

(i) Iṣẹ́ wo ni ìgbà ń ṣe nínú ìtàn náà? Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ǹjẹ́ ìtàn yóò ṣì dúró?

(ii) Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún igbó, ta ló sì dá a lóhùn?

(iii) Àdéhùn wo ló wà láàárín wọn, kí ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀?

Àwọn ìbéèrè yìí wúlò fún ìwé ìtàn àròsọ pẹ̀lú. Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) tàbí Igbó Olódùmarè (1949) ti D. O. Fágúnwà, ìdáhùn tí a sábà ń rí ni pé “ibi ẹ̀rù ni”. Olùkọ́ tó bá béèrè ìbéèrè kejì yóò mú wọn rí i pé ẹ̀rù nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni, tí olúkúlùkù ti ń béèrè lọ́wọ́ ọdẹ pé kí ló wá ṣe lórí ilẹ̀ òun.

Nípa máàkì, ó yẹ kí á ya aáyan ògbufọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àròkọ. Nínú aáyan ògbufọ̀, ohun tí olóòtú ìtàn wí ni kí á wí. Ẹni tó kọ “òjò dídì” tọ́. Ẹni tó kọ “ọyẹ́” ti gbé ìtàn kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀, ó sì yẹ kí ó pàdánù nǹkan díẹ̀. Ẹni tó kọ “yìnyín” náà yẹ kí ó pàdánù. Nínú àròkọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti jẹ́ tiwa, ohun tí a ó sì máa wò ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀lé e délẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ pé ọyẹ́ mú, tó tún ní odò kún bo etí, tí koríko sì tutù yọ̀yọ̀, kò mọ ohun tó ń wí. Bí arabá rẹ̀ bá wọ́wé, tí kùrukùru bo òkè, tí ọmọ inú ìtàn sì pa iná rẹ̀ dáadáa kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n.

A tún dá a lábàá pé kí olùkọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etí igbó lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kìn-ín-ní, kí wọ́n kọ orúkọ igi tó wọ́wé àti èyí tí kò wọ́wé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ lónìí lè ka orúkọ ìrókò nínú ìwé láì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i.

7. Ìgúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á padà sí orí ìwé ìdáhùn ọmọbìnrin yẹn. Nínú àyọkà tí a fún un, àwọn igi ran ọmọ náà lọ́wọ́ nítorí pé kò pa wọ́n lára. Nínú tirẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí ìrókò, ó sì sọ ohun tó bá wá. Kò sí ìkúnlẹ̀ yẹn nínú àyọkà, ìdí nìyí tí a fi fa ìlà sí i. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bí a kò bá kí igi, kò sí ìdí tí igi yóò fi dá sí ọ̀rọ̀ ẹni. Ó ti rí àlàfo kan nínú ìtàn, ó sì fi ìwà ọmọlúàbí dí i.

Bí ìwé náà bá tún tẹ̀ mí lọ́wọ́ lónìí, èmi yóò yọ máàkì méjì fún “ọyẹ́” nítorí aáyan ògbufọ̀ ni a ní kí ó ṣe. Mẹ́jọ yòókù, tirẹ̀ ni. Èmi yóò sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé kí ó tún ìtàn yìí kọ fún mi gẹ́gẹ́ bí àròkọ, kí ó jẹ́ kí ọyẹ́ rẹ̀ fẹ́ dáadáa.